Lílo ọ́tómátà láti yẹ àbùdá àkókò wò nínú ètò kọ̀ǹpútà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ewé yìí wà fún ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì fi ọ́tómátà yẹ ètò wò rí. Ọ́tómátà ni mo pe ẹ̀rọ orí ìwé tó ní ìwọ̀nba ipò, tó ń ka lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, tó sì ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn bó ṣe ń kà. Àwòṣe ni àpẹẹrẹ ètò tí a gé kúrú kí ó lè ṣeé yẹ̀ wò tinú tòde. Àbùdá ni ohun tí a fẹ́ kó jẹ́ òtítọ́ nípa ètò náà.

Kí ni àyẹ̀wò àwòṣe, kí ló sì fi yàtọ̀ sí kí a kàn dán ètò wò?

Ẹni tó ń dán ètò wò máa ń yan díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí ètò náà lè gbà, á tọ̀ wọ́n, á sì wò ó bóyá ohun tó yẹ ló ṣẹlẹ̀. Èyí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó nígbà tí ohun méjì tàbí mẹ́ta, ká ní A àti B, bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan, nítorí pé àṣìṣe lè fara sin síbi tí ìgbésẹ̀ kan ti A bọ́ sáàárín ìgbésẹ̀ méjì kan pàtó ti B. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lè má wáyé nínú ìdánwò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kí ó sì wáyé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà.

Àyẹ̀wò àwòṣe kì í yàn. Gbogbo ipò tí àwòṣe lè dé ló ń dé, gbogbo ìgbésẹ̀ tó ṣeé gbé níbẹ̀ ló sì ń gbé, láìsí pé ènìyàn kan ń tọ́ ọ sọ́nà. Tí àbùdá tí a béèrè kò bá jẹ́ òtítọ́, yóò mú ẹ̀rí ìtakò jáde, ìyẹn ni ìtàn kíkún, ìgbésẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀, tó fi bí ètò náà ṣe ṣìṣe hàn. Edmund Clarke àti Allen Emerson ní Amẹ́ríkà, àti Joseph Sifakis pẹ̀lú Jean-Pierre Queille ní ilẹ̀ Faransé, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Òun ló mú kí Clarke, Emerson àti Sifakis gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2007.

Àbùdá wo ni à ń pè ní àbùdá àkókò?

Àbùdá tí a kò lè mọ òtítọ́ rẹ̀ nípa wíwo ipò kan ṣoṣo ni. Bí àwọn ipò ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ló ń sọ ọ́ di òtítọ́ tàbí irọ́. "Iye owó inú àpamọ́ kò dín sí òdo" ṣeé wò nínú ipò kan. "Gbogbo ìbéèrè tó wọlé ni yóò gba ìdáhùn" kò ṣeé wò bẹ́ẹ̀.

Amir Pnueli ló dábàá ní ọdún 1977 pé kí a máa fi lọ́jíìkì àkókò sọ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe. Àwọn onímọ̀ ìrònú ti ní irú lọ́jíìkì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ṣáájú. Arthur Prior, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ti lò ó láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nípa àná àti ọ̀la. Ìdàpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà ni ti Pnueli, ó sì gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 1996. Ẹ̀yà tí a ń lò lójú ewé yìí ni LTL, tó ka àkókò sí okùn kan ṣoṣo tí kò yà sí ẹ̀ka.

Àmì mẹ́rin ló gbé LTL ró, èdè Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tó bá wọn mu dáadáa. G ni "nígbà gbogbo". X ni "ní ìgbésẹ̀ tó kàn". F ni "bó pẹ́ bó yá", mo sì fẹ́ràn ìtumọ̀ yìí gan-an, nítorí pé ohun méjì tí F ń sọ ló sọ lẹ́ẹ̀kan náà: pé nǹkan náà yóò ṣẹlẹ̀ dandan, àti pé a kò dá ọjọ́ fún un. U ni "títí", ibẹ̀ sì ni kí á ti ṣọ́ra. Bí mo bá ní "ó dúró títí ọkọ̀ fi dé", ọkọ̀ ti dé. Bí mo bá ní "yóò máa dúró títí ọkọ̀ yóò fi dé", ọkọ̀ lè má dé láéláé. U ti LTL dà bí ti àkọ́kọ́, tí ohun tí à ń retí gbọ́dọ̀ dé ní ti gidi. Èkejì ní àmì tirẹ̀, tí í ṣe W. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì yóò gba ìdáhùn tó péye sí ìbéèrè tí kò béèrè.

Kí ni ìyàtọ̀ àbùdá ààbò àti àbùdá ìtẹ̀síwájú?

Àbùdá ààbò ní ohun búburú kan kò ní ṣẹlẹ̀. Àbùdá ìtẹ̀síwájú ní ohun rere kan yóò ṣẹlẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Leslie Lamport ló ya wọ́n sọ́tọ̀ báyìí ní ọdún 1977, Bowen Alpern àti Fred Schneider sì fi hàn ní ọdún 1985 pé gbogbo irú àbùdá tí à ń sọ yìí ló ṣeé pín sí apá ààbò àti apá ìtẹ̀síwájú.

Ohun tó kan aṣàyẹ̀wò nínú ìpín yìí ni irú ẹ̀rí tí yóò wá. Bí ètò bá ba àbùdá ààbò jẹ́, a lè nawọ́ sí ìgbésẹ̀ kan kí a sọ pé ibí ló ti bà á jẹ́, ìtàn tó lópin sì tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àbùdá ìtẹ̀síwájú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá tíì dé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù kan, ẹnikẹ́ni ṣì lè sọ pé ẹ ní sùúrù, yóò dé ní ìgbésẹ̀ tó kàn. Ìtàn tí kò lópin nìkan ló lè fi hàn pé kò ní í dé.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe lè wo ìtàn tí kò lópin? Kí ni ọ́tómátà Büchi?

Ọ́tómátà tí a ń kọ́ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ máa ń ka ọ̀rọ̀ tó lópin: ó ka lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, a wo ipò tó dúró sí, a sì mọ̀ bóyá ó gbà á. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tàbí ọkọ̀ òfuurufú kò ní lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ohun tí a fẹ́ gan-an ni pé kó má dúró. Nítorí náà a ka ìrìn ètò kan sí ọ̀rọ̀ aláìlópin. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà ń sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ nínú ipò kan.

Richard Büchi, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ló sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 bí ọ́tómátà ṣe lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A ya àwọn ipò kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò ìtẹ́wọ́gbà. Ọ́tómátà gba ọ̀rọ̀ aláìlópin bí ó bá lè kà á lọ́nà tí yóò fi máa padà sí ọ̀kan nínú àwọn ipò wọ̀nyí láìlóǹkà ìgbà. Ìbéèrè lórí lọ́jíìkì nọ́ńbà ni Büchi ń wá ìdáhùn sí nígbà náà, kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà.

Níwọ̀n ìgbà tí ipò ọ́tómátà níye, tí ọ̀rọ̀ kò sì lópin, ó di dandan kí ọ́tómátà padà síbi tó ti dé rí. Ìdí nìyí tí ìtàn tí kò lópin fi ṣeé kọ sórí ìwé kékeré: apá kan tó lọ tààrà, àti òbìrí kan tí à ń yí po lẹ́yìn rẹ̀, bí okùn tí a ta kókó ọrùn sí nídìí. Bí ẹ̀rí ìtakò kankan bá wà nínú àwòṣe tí ipò rẹ̀ níye, èyí tó rí bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo iṣẹ́ tó kù lójú ewé yìí sinmi lórí kókó yìí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó yẹ kí n fi kún un. Ọ́tómátà Büchi ní láti lè yàn láàárín ọ̀nà méjì nígbà míì. Ẹ jẹ́ kí p dúró fún ohun kan tó lè jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́ nínú ipò kan, kí ẹ wá wo àbùdá "bó pẹ́ bó yá, p yóò di òtítọ́, kò sì ní yẹ̀ mọ́". Ọ́tómátà tó fẹ́ dá a mọ̀ gbọ́dọ̀ méfò ìgbà tí p yóò fìdí múlẹ̀, kí ó sì bọ́ sí ipò tí kò ti ní gbà kí p yẹ̀. Kò sí ọ́tómátà Büchi tí kì í yàn tó lè dá àbùdá yìí mọ̀.

Kí ló dé tí a fi ń kọ́ ọ́tómátà fún òdìkejì ohun tí a fẹ́?

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ pé ejò kò sí nínú yàrá kì í ka gbogbo ohun tí kì í ṣe ejò. Ejò ló ń wá.

Moshe Vardi àti Pierre Wolper ló to ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1986. A mú àbùdá tí a fẹ́, a fi "kò" síwájú rẹ̀, a sì sọ ọ́ di ọ́tómátà Büchi. Ọ́tómátà yìí ń gba gbogbo ìrìn tó burú, àwọn nìkan ló sì ń gbà. Ètò fúnra rẹ̀ náà jẹ́ ọ́tómátà, tí ń gba gbogbo ìrìn tó lè rìn. A so àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa ka lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ́tómátà àsopọ̀ náà kò bá gba ọ̀rọ̀ kankan, ètò kò ní ìrìn búburú. Bí ó bá gba ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀rí ìtakò wa.

A lè bi mí pé ṣé a kò lè kọ́ ọ́tómátà fún àbùdá rere, kí a wá yí i padà sódì. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Yíyí ọ́tómátà Büchi sódì lè sọ ipò n di iye tó tó 2 tí a gbé sókè pẹ̀lú n ní ìlọ́po lógárídímù n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà ọ̀nà tí Shmuel Safra gbé jáde ní ọdún 1988, tó dára gidigidi, kò bọ́ lọ́wọ́ ìdàgbàsókè yìí. Fífi "kò" síwájú gbólóhùn LTL kò ná wa ní ohunkóhun.

Ẹ mú àpẹẹrẹ kan wá kí a lè fojú rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kékeré kan tó ń gba àṣẹ ìsanwó. Ó ní ipò mẹ́rin. Ní Ìsinmi, kò sí àṣẹ. Láti ibẹ̀ ó lè bọ́ sí Ìbéèrè, níbi tí àṣẹ ti wọlé. Láti Ìbéèrè ó lè lọ sí Ìdáhùn, kí ó sì ti ibẹ̀ padà sí Ìsinmi. Bí ojú ọ̀nà bá dí, yóò lọ sí Àtúnṣe, kí ó sì ti ibẹ̀ padà sí Ìbéèrè láti tún gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí p jẹ́ òtítọ́ ní Ìbéèrè nìkan, kí q sì jẹ́ òtítọ́ ní Ìdáhùn nìkan.

Àbùdá tí a fẹ́ ni G(p → F q): nígbàkúùgbà tí àṣẹ bá wọlé, ìdáhùn yóò dé bó pẹ́ bó yá. Òdìkejì rẹ̀ ni pé ìgbà kan yóò wà tí àṣẹ yóò wọlé, tí ìdáhùn kò sì ní dé mọ́ láti ìgbà náà lọ. Ipò méjì péré ni ọ́tómátà rẹ̀ ní. Ipò àkọ́kọ́, tí a lè pè ní Ìṣọ́, ń ka lẹ́tà èyíkéyìí láìkúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n bó bá rí p láìsí q, ó lè yàn láti bọ́ sí ipò kejì, Ìfura, bí ẹni pé ó ń sọ pé àṣẹ yìí gan-an ni wọn kò ní dáhùn. Ìfura ni ipò ìtẹ́wọ́gbà. Ó ń ka gbogbo lẹ́tà tí q kò sí nínú rẹ̀. Bí q bá dé, kò rí ibi tí yóò gbà, ìméfò náà sì ti já sí òfo.

Ìlọ́po mẹ́rin àti méjì jẹ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré nínú ipò àsopọ̀ ló ṣeé dé, nítorí pé Ìfura kò lè bá Ìdáhùn pàdé, kò sì sí ọ̀nà tí yóò fi bá Ìsinmi pàdé láìgba Ìdáhùn kọjá. Ẹ tẹ̀lé mi báyìí: ètò wà ní Ìsinmi, ọ́tómátà ń ṣọ́. Ètò bọ́ sí Ìbéèrè, ọ́tómátà yàn láti fura. Ètò lọ sí Àtúnṣe. Q kò sí, ìfura ń bá a lọ. Ètò padà sí Ìbéèrè; q kò sí, ìfura ń bá a lọ. Ibi tí a ti dé rí la tún padà sí yìí, ipò ìtẹ́wọ́gbà sì wà nínú òbìrí náà. Ẹ̀rí ìtakò ti jáde: Ìsinmi, lẹ́yìn náà Ìbéèrè, Àtúnṣe, Ìbéèrè, Àtúnṣe, títí ayé.

Ohun tó lè tún ètò náà ṣe ni pé kí ó máa ka iye ìgbà tó ti gbìyànjú, kí ó sì dáhùn pé àṣẹ kò ṣeé ṣe lẹ́yìn ìgbà kẹta. Bí a bá tún un yẹ̀ wò, òbìrí náà ti já. Ẹ kíyè sí i pé a ní láti pinnu pé "kò ṣeé ṣe" náà jẹ́ ìdáhùn. Ẹni tó ń lo ètò náà ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó kọ àbùdá lè má tíì rò ó rí, ó sì yẹ kí ó jókòó rò ó kó tó kọ àmì kankan sílẹ̀.

Ọ̀nà wo ni kọ̀ǹpútà ń gbà rí òbìrí náà nígbà tí ipò bá tó mílíọ̀nù?

Ìwákiri ìlọ́po méjì ni èyí tó lókìkí jù. Courcoubetis, Vardi, Wolper àti Yannakakis ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1990. Ìwákiri àkọ́kọ́ ń tọ ọ̀nà kan lọ títí dé òpin kó tó padà sẹ́yìn. Nígbà tó bá ń padà kúrò ní ipò ìtẹ́wọ́gbà kan, ìwákiri kejì á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni tirẹ̀: ǹjẹ́ mo lè rìn padà sí ibi tí mo ti gbéra? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òbìrí ti wà.

Ẹwà rẹ̀ wà nínú ètò ìgbà. Nítorí pé ìwákiri kejì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ bá ń padà sẹ́yìn, kò pọn dandan kó tún tọ ipò tí ìwákiri kejì kan ti kọjá rí. Ipò kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìbẹ̀wò méjì lọ, àmì kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti tó láti rántí. A kò sì ní láti kọ́ ọ́tómátà àsopọ̀ tán ká tó bẹ̀rẹ̀. À ń kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn ín. Bí àṣìṣe bá wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, a óò rí i kí a tó kọ́ ìdá kékeré nínú rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tó ń lo ìlànà tí Robert Tarjan kọ ní ọdún 1972 láti kó àwọn ipò tó lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn jọ. Àwọn irinṣẹ́ kan fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ẹ̀rọ mi mú ẹ̀rí ìtakò tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí jáde. Kí ni mo ṣe sí?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àìṣègbè. Bí ètò A àti ètò B bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwòṣe kò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà yóò máa fún àwọn méjèèjì láyè. Lójú rẹ̀, ìrìn tí A nìkan ń gbẹ́sẹ̀ títí láé tí B kò sì rí àyè rárá jẹ́ ìrìn bíi tàwọn yòókù, yóò sì kó o wá fún ọ bí ẹ̀rí pé B kò parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí a sọ àìṣègbè náà jáde. Àìṣègbè tó rọ̀ ní: bí ìgbésẹ̀ kan bá ṣeé gbé láti ìgbà kan lọ láìdáwọ́ dúró, a óò gbé e láìlóǹkà ìgbà. Èyí tó le ní: bí ìgbésẹ̀ kan bá ń ṣeé gbé láìlóǹkà ìgbà, bó tilẹ̀ ń dáwọ́ dúró láàárín, a óò gbé e láìlóǹkà ìgbà. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa lókè. Ìgbésẹ̀ láti Ìbéèrè sí Ìdáhùn ń ṣeé gbé, kì í ṣeé gbé ní Àtúnṣe, ó tún ń ṣeé gbé. Èyí tó rọ̀ kò lè já òbìrí yẹn. Èyí tó le lè já a.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ ẹni tó ń kà mí pé kó fara balẹ̀. Bí mo bá sọ pé àìṣègbè tó le wà, ẹ̀rí ìtakò yóò pòórá, mo sì lè rò pé ètò mi ti yè. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ gan-an ni pé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dí títí láé, ẹnikẹ́ni tó ti gbìyànjú láti sanwó níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ètò tó ń pín àyè fún A àti B nínú kọ̀ǹpútà kan jẹ́ ohun tí a lè gbà pé kì í ṣègbè. Ojú ọ̀nà tó wà lóde kò jẹ́ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ṣé kì í pọ̀ jù? Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń dàgbà?

Ó ń pọ̀ jù ní tòótọ́, ìṣòro yìí sì ni olórí ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá méjì ló ní. Ní ti àbùdá, gbólóhùn LTL tó gùn ní n lè bí ọ́tómátà tí ipò rẹ̀ tó 2 tí a gbé sókè pẹ̀lú n. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ènìyàn ń kọ kì í sábà gùn, èyí tí a lò lókè sì ní ipò méjì péré. Ní ti ètò, iṣẹ́ ń dàgbà ní ìbámu pẹ̀lú iye ipò, èyí tó dà bí ìròyìn ayọ̀ títí a ó fi ka iye ipò náà. Ètò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́wàá lè bí ipò bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ayípadà kan ṣoṣo tó gba bíìtì 32 lè ní iye 4,294,967,296.

Ọgbọ́n méjì ni mo rò pé ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni kíkọ̀ láti tọ ọ̀nà méjì tí kò yàtọ̀: bí ìgbésẹ̀ A àti ìgbésẹ̀ B kò bá kan ara wọn, kò sí ohun tó dá lórí èyí tó ṣáájú, a lè tọ ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣèpalára bí X kò bá sí nínú gbólóhùn, nítorí náà ẹ má lo X bí ẹ kò bá ní ìdí gidi. Èkejì ni èyí tí Gerard Holzmann fi sínú SPIN, irinṣẹ́ àyẹ̀wò àwòṣe kan, níbi tí a kì í ti tọ́jú ipò fúnra rẹ̀, bí kò ṣe àmì kékeré tó dúró fún un. Ipò méjì lè pín àmì kan, a sì lè tipa bẹ́ẹ̀ fo àṣìṣe kan dá. Ó dára fún wíwá àṣìṣe. Kò tó láti fi búra pé kò sí àṣìṣe.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ kọ ọ́tómátà?

Rárá. Irinṣẹ́ bíi SPIN, tí Holzmann bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs tó sì wà fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 1991, ń gba gbólóhùn LTL, òun fúnra rẹ̀ á fi "kò" síwájú rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ọ́tómátà. Èdè Promela la fi ń kọ àwòṣe rẹ̀. Síbẹ̀ mo gba olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó ní kí irinṣẹ́ náà fi ọ́tómátà hàn án, kó sì fi ìka tọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn ti ń rí i níbẹ̀ pé gbólóhùn tí òun kọ kò sọ ohun tó wà lọ́kàn òun.

Èmi kò ní àwòṣe. Ètò tí a fi èdè C kọ ni mo ní. Ǹjẹ́ ọ̀nà yìí lè wúlò fún mi?

Ó lè wúlò, ṣùgbọ́n ìyípadà ńlá kan wà níbẹ̀: ipò ètò C lè má níye rárá. Àwọn olùwádìí Microsoft, Thomas Ball àti Sriram Rajamani, yanjú apá kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ SLAM ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, fún àwọn ètò kéékèèké tó ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà àti irú wọn mọ́ Windows. Ọ́tómátà tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn rọrùn, fún àpẹẹrẹ: ẹni tó ti ti àgádágodo kò gbọ́dọ̀ tún un tì kó tó ṣí i. Wọ́n gé ètò náà kúrú nípa rírántí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí àwọn ìbéèrè díẹ̀ dípò gbogbo iye. Bí ẹ̀rí ìtakò bá jáde, wọ́n wò ó nínú ètò gidi, bí kò bá sì ṣeé ṣe, wọ́n fi ìbéèrè mìíràn kún un, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Àbùdá ààbò nìyẹn. Fún ìtẹ̀síwájú, gígé kúrú ń bí òbìrí èké. Òbìrí tó ń dín i kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di òdo yóò dópin dandan, ṣùgbọ́n bí ohun tí a rántí nípa i kò bá ju "ó ju òdo lọ" tàbí "kò jù ú lọ", àwòṣe yóò rò pé a lè máa yí po títí láé. Gàrí inú àpò, tí à ń bù lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì dà kún un, yóò tán. Ẹni tí kò mọ̀ ju "gàrí ṣì wà" lọ kò lè fi èyí hàn.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Freiburg ní Jámánì ní irinṣẹ́ kan, Ultimate, tó mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tí mo kà sí èyí tó dára jù lọ. Ó so ètò C mọ́ ọ́tómátà Büchi ti òdìkejì àbùdá, ó mú òbìrí kan jáde, ó sì wá iye kan tó ń dín kù ní gbogbo ìyípo tí kò sì lè lọ sísàlẹ̀ òdo. Bó bá rí i, òbìrí náà kì í ṣe ti gidi. Kò sì jù ú nù lásán: ìdí tó fi jẹ́ èké ló sọ di ọ́tómátà Büchi mìíràn, tó gba gbogbo òbìrí tí ìdí kan náà pa, ó sì yọ gbogbo wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà kó tó wá òmíràn. Kò sí ìlérí pé iṣẹ́ yìí yóò dópin lórí gbogbo ètò, kò sì sí irinṣẹ́ tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Irinṣẹ́ náà ní kò sí àṣìṣe. Ṣé mo lè sùn?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àbùdá náà jẹ́ òtítọ́ lásán. G(p → F q) jẹ́ òtítọ́ pátápátá nínú ètò tí p kì í ti í ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ṣi orúkọ ayípadà kọ, tàbí tí àwòṣe yín kò jẹ́ kí àṣẹ kankan wọlé, irinṣẹ́ yóò yọ̀ mọ́ yín. Ẹ béèrè G(¬p) lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé p kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Ó gbọ́dọ̀ takò yín, kí ó sì fi ìrìn kan tí p ti ṣẹlẹ̀ hàn yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tó kù síta. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí NASA, àjọ ìwádìí gbalasa òfuurufú ti Amẹ́ríkà, fi SPIN yẹ apá kan wò nínú Remote Agent, ètò tí wọ́n fẹ́ kó máa darí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Deep Space 1 láìsí àṣẹ láti ilẹ̀. Wọ́n rí àṣìṣe márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn rí báyìí: iṣẹ́ kan wò ó bóyá ìròyìn tuntun ti dé, ó rí i pé kò tíì dé, ó sì pinnu láti sùn títí wọn yóò fi jí i, ìròyìn náà dé láàárín ìgbà tó wò àti ìgbà tó sùn, kò sì sí ẹni tí yóò jí i mọ́. Wọ́n tún un ṣe.

Ọkọ̀ náà gbéra ní oṣù kẹwàá ọdún 1998. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Remote Agent darí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, ètò náà dúró gbagidi lójú òfuurufú, tí àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ ń dúró de ara wọn. Nígbà tí wọ́n tú u wò, irú àṣìṣe kan náà ni, láàárín wíwò àti sísùn, ní apá mìíràn nínú ètò náà tí kò sí nínú àwòṣe ọdún 1997.